Ọgọ́fà Ni Mo Sọ: Ọ̀rọ̀ Kóòṣì Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Láti òní lọ, n ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì rélùwéè wọ̀nyí, ohun tí wọ́n bá sọ láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò kàwé púpọ̀, ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n bírò ò lè wúwo ju òòlù lọ. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu irin títí irin fi di ilé, di ilẹ̀, di ọmọ tó jáde yunifásítì, ṣé lẹ́tà ló máa wá bà á lẹ́rù?

Kóòṣì mẹ́jọ, ìyẹn yàrá èrò ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n gbé fún mi. Ògbólógbòó kóòṣì tó ti wà lẹ́yìn ọgbà wọn látọjọ́ pípẹ́, tí koríko ń yọ orí jáde lójú fèrèsé bí èrò tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kí n tún wọn ṣe di tuntun, kí wọ́n lè so wọ́n pọ̀ di ọkọ̀ asáré tí wọ́n fẹ́ ṣí lẹ́yìn òjò. Níwájú gbogbo wọn ni Ọ̀gá Àgbà rélùwéè ti bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n á lè sá ọgọ́fà kìlómítà ní wákàtí kan?" Mo ní, "Ọgọ́fà? Tí mo bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, ọgọ́fà á máa tì wọ́n lójú." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá dán kóòṣì wò tán, eré tó lè sá láìséwu ni wọ́n máa fi ọ̀dà funfun kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gàdàgbà gadagba. Dírẹ́bà kankan ò gbọdọ̀ sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ni orúkọ mi máa wà, mo ti fi idẹ rọ ọ́. Orúkọ mi, nọ́ńbà a tẹ̀ lé e. Kóòṣì tí wọ́n bá kọ ọgọ́rin sí lára, ọ̀nà ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, kó máa kó àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ títí tó fi máa jẹrà. Ọgọ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi! Kí ilẹ̀ kọ́kọ́ lanu ná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Owó páànù irin ti gun orí igi. Ẹni tó ń tà á ní òun náà ò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀dí, kí ló dé tí o fi ń gba owó lé e lórí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lónìí ni mo fi èjìká dán kóòṣì àkọ́kọ́ wò. Látìgbà tí mo ti ń kan bọ́dì ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láì jẹ́ pé mo fi èjìká gbún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá mì, ẹ dá a padà, ẹ tún un jó. Tí kò bá mì, ẹ máa gbé e lọ. Òun ni wọ́n fi ń pè mí ní Kò-Mì, tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí fi di ohun tí ìyàwó mi nìkan mọ̀, tí inú bá ń bí i.

Mo gbún kóòṣì. Kóòṣì yẹ̀ sọ́hùn-ún, ó padà síhìn-ín, ó ń fì bí ọ̀mùtí tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ̀jẹ̀ mi ru.

"Aríná!" Olórí àwọn ajórin mi nìyẹn. "Kí lèyí?"

"Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn o. Ara rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Orí bógì ló gúnwà sí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì."

Bógì ni ẹsẹ̀ irin tó ru táyà irin mẹ́rin, kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní méjì, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Àyè kí ni? Irin ló tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá irin tó nípọn, ẹ fi dí i lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ jó o pa."

"Gbogbo mẹ́jọ?"

"Ṣé méje ni mo gbà?"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti parí ti àkọ́kọ́. Mo tún un gbún. Ó dúró bí òkè. Èjìká mi ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, ìrora tó dùn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Àwọn ará ìgbàanì wọ̀nyí kò tiẹ̀ ní làákàyè. Abẹ́ kóòṣì ni wọ́n so táǹkì omi mọ́, wọ́n wá ń fi pọ́ǹpù fà á sókè. Ta ni kò mọ̀ pé omi a máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba owó? Mo ti gbé gbogbo táǹkì lọ sórí òrùlé. Ṣí ẹ̀rọ, omi dé. Àrẹ̀mọ mi, tó ń bá mi mójú tó ọ́fíìsì, wò ó títí, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó ń yà á lẹ́nu ni.

Ìkẹjọ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe. Arẹwà ni mo pè é. Pákó pupa tó nípọn ni mo fi ṣe gbogbo àjà rẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù lókè ìjókòó kọ̀ọ̀kan, tó ní ilẹ̀kùn àti ìdè idẹ. Tí ààrẹ bá wọ inú rẹ̀, kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje

Ọjọ́ burúkú.

Òjò dáwọ́ dúró láàárọ̀, oòrùn yọ bí ẹni tí a fìwé pè. Wọ́n kó àpò yanrìn jọ sórí ìjókòó kóòṣì àkọ́kọ́ dípò èrò, fún ìdánwò. Mo béèrè pé kí ló ṣe èèyàn gidi. Wọ́n ní yanrìn kì í kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kí mi káàárọ̀ nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n rán láti ṣe ìdánwò jẹ́ obìnrin tín-ínrín kan, ẹnjiníà, kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tó bá fọwọ́ kàn ló ń dun ni. Kí a tó kúrò ní ibùdókọ̀ ni mo ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nínú ọkàn mi.

Ní ogójì, ó dùn. Ní ọgọ́ta, ó dùn bí oyin. Mo nà róró sí àárín kóòṣì, mi ò di nǹkan kan mú. Mo ní, "Ọmọ mi, wá wo iṣẹ́ àgbà." Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di nǹkan mú." Èmi? Ní ọgọ́rin, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ní márùndínláàádọ́rùn-ún, nǹkan wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe mímì mọ́. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kíákíá, bí ajá tó ń gbọn omi dànù lára. Àpò yanrìn méjì já bọ́. Èmi náà já bọ́ lé wọn lórí. Eyín mi gbá ara wọn débi pé mo fi ahọ́n kà wọ́n. Abẹ́rẹ́ di ọ̀pá mú, ó ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ra búrẹ́dì: "Ẹ rọra. Ẹ rọra sí i. Ẹ ṣé."

Nígbà tí a padà dé, ó fi ẹfun kọ ọgọ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹfun ni, kì í ṣe ọ̀dà. Ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ idẹ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Mi ò jáde. Gbogbo ara ń ro mí. Àrẹ̀mọ wọlé wá pẹ̀lú ojú àánú. Mo kórìíra ojú àánú.

"Bàbá mi, bóyá kí a kúkú gba ọgọ́rin yẹn. Iṣẹ́ náà niṣẹ́."

"Ṣé ọgọ́rin ni mo sọ?"

"Rárá, sà."

"Kí ni mo sọ?"

"Ọgọ́fà."

"Ó dáa. Máa lọ. Pa ilẹ̀kùn dé."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ojú irin wọn ló wọ́. Mo ti lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà lójúkojú. Mo ní ẹ kò lè tẹ́ ẹní jágbajàgba kí ẹ wá bú ẹni tó sùn lé e. Ó ní wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, yíyẹ̀wò ni iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n so kóòṣì tiwọn kan, tí mo bá ní ó gbó ju mí lọ n kò purọ́, mọ́ ẹ́ńjìnnì kan náà. Ojú irin kan náà. Yanrìn kan náà. Mo jókòó sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó mì. Mo gbàdúrà kó mì. Ó sá ọgọ́fà, kò mì.

Ẹni tí ayé ń pè ní Kò-Mì jókòó sínú ohun tí kò mì, ó ń bínú.

Nígbà tí a dúró, tí gbogbo wọn ti sọ̀kalẹ̀, mo yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi èjìká gbún un. Ó fì sọ́hùn-ún síhìn-ín, jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Kí wá lèyí? Èyí tó ń mì nígbà tó dúró, kò mì nígbà tó ń sáré. Èyí tí kò mì nígbà tó dúró, tó bá sáré tán, ó fẹ́ gbọn eyín mi dànù. Mo yíjú, mo rí Abẹ́rẹ́ tó ń wò mí. Ì bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èmi ni mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní mò ń kọjá lọ ni. Ọ́fíìsì náà wà ní òkè kẹta, kò sí ibi tí èèyàn ń kọjá lọ níbẹ̀.

Ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ru omi rí?"

Mo ní, "Mo ti ru omi kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ó máa tètè yé yín. Tí èèyàn bá ru garawa tó kún dẹ́nu, tó wá mú ọrùn le gbagidi, ńkọ́?"

"Á dà á sára. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé ni garawa á gbọ́."

"Tó bá wá jẹ́ kí ọrùn àti ìbàdí máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀?"

"Omi á dúró. Ẹsẹ̀ á máa ṣe tirẹ̀ nílẹ̀."

"Ẹsẹ̀ kóòṣì náà nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é, kì í rìn gbọọrọ lórí irin. Á yà sọ́tùn-ún díẹ̀, á yà sósì díẹ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yíyà yẹn ń yára sí i. Àyè tó wà láàárín bógì àti ara kóòṣì, òun ni ọrùn. Bí ọrùn bá ṣe dáa tó ni a ṣe ń mọ eré tí kóòṣì lè sá. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń sọ ọ́." Ó wá gbé ojú sókè. "Bàbá, kí ló ṣe ọrùn kóòṣì yín?"

Mo mu omi mi tán. Mo ní ọmọ àná kì í bi àgbà ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn náà n ó kọ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo wọ abẹ́ kóòṣì àkọ́kọ́ fúnra mi. Àrẹ̀mọ ní kí n má wọ ibẹ̀ nítorí ẹ̀yìn mi. Mo wọ ibẹ̀. Irin tí a fi dí àyè náà ti là lójú ibi tí a ti jó o, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, bí ìkòkò tó jábọ́. Ohun tí mo bá jó kì í là. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba òpópónà yìí kọjá ló lè jẹ́rìí sí i. Mo sùn gbalaja sábẹ́ ibẹ̀, mò ń wò ó.

Aríná bẹ̀rẹ̀ wò mí. "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?"

"Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Lára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ?"

"Ṣé èdè mi ti yí padà ni?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ṣì ń gé e. Gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin ti wọ́n, òjò ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí mo rán níṣẹ́ sípíríǹgì tó máa rọ́pò irin náà mú ti ọkọ̀ akẹ́rù wá. Aríná ní, "Ọ̀gá, ẹ ní ká jó o pa, a jó o pa. Ẹ ní ká gé e, à ń gé e. Tó bá tún ku ohun kan, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ pọ̀, kí n lè mọ iye ọjọ́ tí mo máa fi bá yín bínú." Mo fẹ́ lé e lọ. Kò sí ẹni tó mọ iná bíi tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Ìdánwò kejì. Yanrìn tún jókòó bí ọba.

Ọgọ́rùn-ún níbi tí ojú irin ti tọ́ gbọọrọ, kò sí ariwo. Mo ti ń tún kọ́là ṣe. Ìgbà tí a dé kọ́nà lẹ́yìn afárá, kóòṣì tẹ̀ síta, ó tún tẹ̀ sí i, ó tẹ̀ títí mo fi rò pé ó fẹ́ kí ará ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n rọra. Ó ní ẹ̀rọ ìdíwọ̀n òun fi hàn pé táyà irin tó wà ní apá inú kọ́nà ti fúyẹ́, ó kù díẹ̀ kó má tẹ irin mọ́. Táyà tí kò bá tẹ irin, ibi tó bá wù ú ló ń lọ, èrò á sì bá a lọ.

"Bàbá, kí ló wà lórí òrùlé yín?"

"Omi."

"Omi tó pọ̀ tó báwo?"

"Omi tó tó."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn lè sáré yí kọ́nà. Ẹni tó gbé ọmọ kọ́ ọrùn, ẹ sọ fún un kó rọra."

Ṣé gbogbo ohun tí ọmọ yìí mọ̀ ni kì í wà nínú ìwé ni? Tó bá jẹ́ pé òyìnbó ló ń sọ sí mi, ǹ bá rí ibi bá a jà. Ó ń fi ohun tí mo mọ̀ nà mí.

Táǹkì ń padà sábẹ́. Pọ́ǹpù mẹ́jọ. Ẹ má bi mí ní iye rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Àrẹ̀mọ jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé táǹkì orí òrùlé ò dáa.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Bàbá mi, ta ló ń sọ nǹkan fún yín?"

Mo ní kó jáde. Lẹ́yìn náà mo ní kó padà wá jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Òjò ti ń dínkù. Ìdánwò kẹta.

Kóòṣì méje! Ọgọ́fà, lórí ibi tó tọ́ àti ní kọ́nà! Mo ní mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? Mo bọ dírẹ́bà lọ́wọ́, mo bọ ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ibùdókọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ìyá ẹni tó tún lè ṣe é ní gbogbo agbègbè yìí.

Ó wá kan ìkẹjọ. Arẹwà. Ó gun ọgọ́rùn-ún, ó wọ kọ́nà, ó tẹ̀. Kò burú bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo àjà pákó pupa mi, ó wo àwọn kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ó fọwọ́ pa ọ̀kan lára bí ẹni tó ń pa orí ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní, "Ó rẹwà, Bàbá. Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Ó wá fi ẹfun kọ àádọ́rùn-ún sí i.

Mo ní kò burú. Ẹyọ kan nínú mẹ́jọ. Kí méje máa sá ọgọ́fà, kí Arẹwà máa sá àádọ́rùn-ún rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà ní: "Bàbá, okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀. Eré èyí tó lọ́ra jù ni gbogbo ọkọ̀ ń sá."

Ṣé mi ò mọ̀ ni? Mo mọ̀. N kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀bẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ̀bẹ̀ lósì. Ọ̀gá Àgbà ní ká yọ ọ́ kúrò, kí méje máa lọ, kí Arẹwà lọ sọ́nà ẹ̀sọ̀. Mo ní mẹ́jọ ni mo sọ. Àrẹ̀mọ ní ká tú pákó rẹ̀. Mo ní kó lọ tú pákó ilé bàbá rẹ̀, ó ní ibẹ̀ náà kúkú ni. Abẹ́rẹ́ kò bẹ̀ mí. Ó kàn sọ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i kò ní yẹ̀, nọ́ńbà tí òun bá rí lòun máa fi ọ̀dà kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyá Àrẹ̀mọ ní òun fẹ́ wá wo ohun tí kò jẹ́ kí òun sùn, nítorí mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Látìgbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tó wá síbẹ̀. Ó wọ Arẹwà. Ó jókòó. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó pa á dé. Ó tẹjú mọ́ àjà. Inú mi dùn, mo dúró sójú ilẹ̀kùn bí ọkọ ìyàwó.

"Bàbá Àrẹ̀mọ, ó dáa o. Ó dáa gan-an ni. Pálọ̀ gidi ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé pálọ̀ sáré?"

Mo ní kò yé e. Ó ní bóyá. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó. "Àwọn èèyàn tó máa wọ inú rẹ̀, wọ́n á ní ìyá, wọ́n á ní ọmọ. Tó bá yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lójú irin lọ́jọ́ kan ní kọ́nà yẹn, ṣé pákó pupa ni wọ́n máa wá kí ọ fún?"

A jọ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Obìnrin yìí, tó bá mú ọ̀rọ̀ jáde, kì í wá ibi tí ara rẹ máa gbà á sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo tú u. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi tú u, pákó kan lẹ́yìn òmíràn, mi ò fọ́ ọ̀kankan. Aríná ń ti fèrèsé yọjú. Mo sọ òòlù sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ tàsé.

Pákó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n kùn ní funfun ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ilé ìwòsàn. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di àwọ̀n okùn tí èèyàn lè ju àpò sí. Ìyá Àrẹ̀mọ ti ní kí wọ́n kó pákó pupa wá sílé, kí n fi ṣe àjà pálọ̀ òun. Ó ní kò sẹ́ni tó máa sáré níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án

Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n so wọ́n pọ̀. Ọgọ́fà. Wọ́n tún sá a padà, ọgọ́fà. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n tún un sá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mọ̀ pé inú ń bí mi, ó sì ń ṣe é lọ. Ọgọ́fà.

Ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ìlà kejì nínú ti Arẹwà wọ́ díẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́, kó tún un kọ. Ó ní, "Bàbá, nọ́ńbà náà ò ní sá ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá tọ́." Mo ní èmi ló ni ara kóòṣì, kó tún un kọ. Ó tún un kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ṣí i lónìí. Ọ̀rọ̀ pọ̀, oòrùn mú. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ títí, kò dárúkọ mi àfi ẹ̀ẹ̀kan, ó sì pè é mọ́ ti àwọn tó kun ibùdókọ̀. N ó bá a sọ ọ́.

Arẹwà ni mo wọ̀. Ó kún fọ́fọ́. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé jókòó tì mí, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀. Mo dúró kó kí mi. Orúkọ mi wà lójú ilẹ̀kùn tó bá wọlé, ó ṣe tán ó mọ̀wé kà. Kò kí mi. A kọjá ọgbà, a kọjá afárá. Òpó iná ń sá lọ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo mọ̀ ọ́n lára: a ti dé ibẹ̀. A wọ kọ́nà. Tíì inú ife ìyá kan tó jókòó lọ́hùn-ún kò tiẹ̀ rú.

Ọkùnrin yẹn wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nìyí? Ó dà bíi pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

Ọlọ́run ló kó mi yọ, ǹ bá gbá a létí. Mo ní, "Ọgbẹ́ni, ọgọ́fà lo wà yìí! Ọgọ́fà! Ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí?" Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bógì. Mo sọ ti ọrùn, mo sọ bí ara kóòṣì ṣe gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ kí èrò má baà yẹ̀. Mo dé orí táǹkì. Mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí táyà ṣe ń fúyẹ́ ní kọ́nà. Ìgbà tí mo fi máa yíjú wò ó, ó ti la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun.

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́. Ìyá onítíì ti sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn. Mo dìde láti lọ bá Abẹ́rẹ́ tó jókòó níwájú pátápátá, kí èmi àtẹni tó mọ ohun tí mo ń sọ jọ sọ̀rọ̀. Ó gbé orí lé ojú fèrèsé, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti pa á. Òun náà ti sùn lọ.

Odindi ọgọ́fà. Ta ni mo wá fẹ́ fọ́nnu fún báyìí?